Kíríkẹ́ẹ̀tì: Bí Àgbàlagbà Ṣe Lè Bẹ̀rẹ̀ Eré Tí Kò Ṣe Rí

(A tẹ ọ̀rọ̀ yìí láti inú fọ́ìsì nóòtì márùn-ún tí admin sọ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, fún àwọn tí dátà wọn kò gbé ohùn àti àwọn tí ariwo ọjà kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ dáadáa.)

Fọ́ìsì kìíní

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ gírúùpù lọ́sẹ̀ yìí láti Lugbe àti Lokogoma, ẹ káàbọ̀ o. Ilé yín nìyí.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ti àjọ, kì í sì ṣe ti owó ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo wa la ti rí àríyànjiyàn tó wà lójú gírúùpù láti bí ọjọ́ mẹ́rin. Àwọn kan ní kí á dá ẹgbẹ̀rún kan náírà lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, ká fi ra ohun èlò kíríkẹ́ẹ̀tì fún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Àwọn kan ní ọjà le, pé ẹni tó ń wá owó oúnjẹ kì í ṣeré bí ọmọ iléèwé. Ẹnìkan tilẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Kí ni àgbàlagbà ń wá lórí pápá?" Kò sí ìjà níbẹ̀ o. Ìbéèrè gidi ni. Oṣù mẹ́ta rèé tí mo ti ń bá wọn ṣe eré náà ní Galadimawa níbí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀, kí oníkálukú fi ojú ara rẹ̀ wò ó, ká tó dìbò.

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyí. Lọ́dún tó kọjá, ènìyàn méjì la sin nínú gírúùpù yìí. N kò ní dárúkọ, ẹ mọ̀ wọ́n. Àwọn méjèèjì ò tíì pé ọgọ́ta ọdún. Orí àga nínú ṣọ́ọ̀bù ni ẹ̀jẹ̀ ríru ti gbé àwọn méjèèjì ṣubú. N kò sọ pé eré ìdárayá ì bá gbà wọ́n là, èmi kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe ń gbé. Aago méje àárọ̀, a ti ṣílẹ̀kùn. Aago mẹ́sàn-án alẹ́, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá kọ́kọ́rọ́ tí a máa fi tì í. Láàárín ìyẹn, ìjókòó ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé, ó kéré tán, kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ṣe ohun tó máa mú kí èémí rẹ̀ yára. Wákàtí méjì ààbọ̀ nìyẹn. Kí ẹni tó bá ń ṣe é nínú wa náwọ́ sókè.

Ìkejì, ẹ wo ìgbà tí a máa ń pàdé lójúkojú. Ìsìnkú ni, tàbí ìsọmọlórúkọ, tàbí ọjọ́ tí ẹnìkan bá sá lọ pẹ̀lú owó àjọ. Àwa tí a fi Ìbàdàn, Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Àkúrẹ́ sílẹ̀ wá jókòó sí Àbújá, ara wa la ní. A sì ń pàdé nínú ẹkún ju nínú ẹ̀rín lọ.

Fọ́ìsì kejì

Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ẹ má bínú, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ni.

Ẹnìkan á ní, kí ló dé tí kì í ṣe bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá tí a mọ̀? Bọ́ọ̀lù dára, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n tí ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta bá wọ pápá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́, àwọn ọmọ ogún ọdún ti wà níbẹ̀. Wọ́n á ní, "Dádì, ẹ lọ ṣọ́lé." Tí góòlù méjì bá ti wọlé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wojú ara wọn. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, Dádì ò ní wá mọ́. Bọ́ọ̀lù ti ní àwọn tó ni ín. Gbogbo ènìyàn ló mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbá.

Eré tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí a bẹ̀rẹ̀, ènìyàn mẹ́rìnlá la wà lórí pápá. Àfi àgùnbánirọ̀ kan tó ń kọ́ni níléèwé ládùúgbò, kò sí ẹni tó ti fọwọ́ kan báàtì rí nínú wa. Òun ló kó wa jọ, torí ó ti ṣe eré náà ní yunifásítì. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Mẹ́káníìkì wà níbẹ̀, ará Ìbò tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ wà níbẹ̀, ọmọ Hausa tó ń ti kẹ̀kẹ́ omi wà níbẹ̀, obìnrin Gbagyi tó ń din àkàrà náà wà níbẹ̀. Gbogbo wa di ọmọ iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀gá kan ṣoṣo ló wà, ó sì kéré sí wa lọ́jọ́ orí.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ojú máa ń ti àgbà láti kọ́ nǹkan lọ́wọ́ ọmọdé níṣojú èrò. Nínú ṣọ́ọ̀bù, àwa ni ọ̀gá. Nílé, àwa ni bàbá, àwa ni ìyá. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sọ fún wa pé, "Kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ tún un ṣe." Ẹni tó sọ ọ́ kẹ́yìn ni ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́, kí a tó gba fíríìdọ̀mù. Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Nínú kíríkẹ́ẹ̀tì, ọmọdé yẹn ló ni àkísà, àwa la wà níhòòhò.

Ìtìjú yẹn kì í pẹ́. Bọ́ọ̀lù máa ń fo báàtì gbogbo ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé e, ti Alhaji àti ti mẹ́káníìkì. Tí gbogbo yín bá ti pàdánù bọ́ọ̀lù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ̀rín á bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ara ti máa ń rọ̀. Ẹ̀yin tí ojú ń tì, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nìyẹn: ìtìjú náà kì í ju ogún ìṣẹ́jú lọ.

Ẹ ó sì rí i pé ohun tí ẹ ti ń fi ọwọ́ ṣe lọ́jà máa jáde. Ìyá oníṣu kan wà láàárín wa tí bọ́ọ̀lù kì í bọ́ lọ́wọ́ wọn. A bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti kọ́ ọ. Wọ́n ní ọdún méjìdínlógún làwọn ti ń gba iṣu tí wọ́n ń jù sílẹ̀ látorí ọkọ̀ akẹ́rù, pé kí ni bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣu Zaki-Biam?

Fọ́ìsì kẹta

Ó yá, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ fara balẹ̀, kò le.

Ẹgbẹ́ méjì ni, ènìyàn 11 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láàárín pápá, ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí gígùn rẹ̀ jẹ́ yáàdì 22, bíi mítà 20. Ní ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì, igi mẹ́ta dúró ṣánṣán, igi wẹ́wẹ́ méjì sì wà lórí wọn. Wọ́n ń pè é ní wíkẹ́ẹ̀tì. Kéréètì mínírà làwa ń lò.

Ẹgbẹ́ kan máa ń gbá, ìkejì á máa ju bọ́ọ̀lù, á sì tò káàkiri pápá láti mú un. Ẹni méjì nínú àwọn tó ń gbá ló máa ń dúró lórí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù máa yí apá rẹ̀ po lókè orí ni. Kò gbọdọ̀ ká ìgbọ̀nwọ́ kó wá nà án bí ẹni tó ń sọ òkúta sí máńgòrò. Ohun tó ń wá ni bí bọ́ọ̀lù ṣe máa ba wíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó gbé báàtì ló ń dáàbò bo wíkẹ́ẹ̀tì yẹn.

Tó bá gbá bọ́ọ̀lù náà lọ, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ á sáré pààrọ̀ ipò. Àmì kan nìyẹn. Tí wọ́n bá pààrọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí bọ́ọ̀lù tó padà, àmì méjì. Tí bọ́ọ̀lù bá yí gbirigbiri kọjá ààlà pápá, àmì 4. Tó bá fò kọjá ààlà láì fara kan ilẹ̀, àmì 6.

Bọ́ọ̀lù mẹ́fà tí ẹnìkan bá jù ni wọ́n ń pè ní ófà kan. Kì í ṣe Ọ̀fà oníjàkadì o! Lẹ́yìn ófà kan, ẹlòmíràn á bọ́ síbẹ̀, á jù láti ìpẹ̀kun kejì. Láyé àtijọ́, eré yìí lè gba ọjọ́ márùn-ún, wọ́n ṣì ń ṣe irú ẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n ní 2003, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé oríṣi kúkúrú kan jáde tí wọ́n ń pè ní T20: ófà 20 fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, bọ́ọ̀lù 120, ó máa ń gba bíi wákàtí mẹ́ta. Ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣe All Africa Games ní Àbújá, èyí tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ Games Village tó wà lẹ́bàá wa yìí. Ófà 8 làwa ń ṣe ní tiwa, kí oníkálukú lè tètè lọ sílé.

Báwo lèèyàn ṣe ń jáde? Ọ̀nà pọ̀, ẹ mú mẹ́ta. Tí bọ́ọ̀lù bá ba wíkẹ́ẹ̀tì rẹ, o ti jáde. Tí o bá gbá a sókè, tí ẹnìkan sì hán an kó tó kan ilẹ̀, o ti jáde. Tí ẹ bá ń sáré, tí wọ́n fi bọ́ọ̀lù ba wíkẹ́ẹ̀tì kí o tó dé ibi tí ò ń lọ, o ti jáde. Tí ènìyàn mẹ́wàá bá jáde, ẹgbẹ́ yẹn ti parí, ì báà tiẹ̀ ku àádọ́ta bọ́ọ̀lù nílẹ̀.

Ọlọ́jà ló yẹ kí èyí tètè yé. Àwọn tó ń gbá, ojú owó yín nìyẹn. Àmì ni èrè. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń jù ni ọjọ́ tí ẹ fi ń tajà. Ẹni tó ń wá èrè 6 ní gbogbo ìgbà á jẹ ojú owó rẹ̀ tán kí ọjọ́ tó pé. Ẹni tó bá sì di báàtì mú tí kò gbá nǹkan kan, ojú owó rẹ̀ á wà, ṣùgbọ́n ọjọ́ á tán, kò ní rí èrè kó délé. Gbogbo ọgbọ́n eré náà wà láàárín méjèèjì yìí. Nígbà tí àgùnbánirọ̀ yẹn ṣàlàyé títí tí kò yé àwọn kan, ọ̀rọ̀ ojú owó yìí la fi là á yé ara wa.

Fọ́ìsì kẹrin

Àwọn kan ní eré òyìnbó ni, pé kí ló kàn wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe kàn wá.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì amúnisìn ló gbé e wá lóòótọ́, bí wọ́n ṣe gbé bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá wá. Títí di òní, pápá kíríkẹ́ẹ̀tì wà ní Tafawa Balewa Square l'Ékòó. Nàìjíríà ti wà nínú àjọ kíríkẹ́ẹ̀tì àgbáyé, ICC, láti 2002. Níbí náà, pápá rẹ̀ wà nínú ọgbà Moshood Abiola National Stadium tí gbogbo wa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá tí a bá ń lọ Airport Road. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ láti Galadimawa, tí gosíloò kò bá sí, kò ní pẹ́ débẹ̀.

Ní November 2024, Àbújá gbàlejò ìdíje tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà fi ń wá ọ̀nà sí World Cup T20 àwọn ọkùnrin. Ní ọjọ́ 24 oṣù náà, Nàìjíríà pàdé Côte d'Ivoire. Nàìjíríà gbá àmì 271, ènìyàn mẹ́rin péré ló jáde. Ó wá kan Côte d'Ivoire. Gbogbo wọn jáde pẹ̀lú àmì 7. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: méje. N kò sọ pé àádọ́rin. Nínú ìdíje T20 láàárín orílẹ̀-èdè àwọn ọkùnrin, kò sí ẹgbẹ́ tó tíì gba àmì tó kéré tó bẹ́ẹ̀ rí kó tó di ọjọ́ yẹn. Àwọn èèyàn wa tó ń ṣòwò ní Abidjan, pàápàá àwọn ará Èjìgbò, ẹ lè fi ṣe wọ́n yẹ̀yẹ́ díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó wọ̀ mí lára nínú ìtàn yẹn ni pé ọjọ́ kan péré ṣáájú ni àwọn ọmọ Côte d'Ivoire ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú ìdíje bẹ́ẹ̀ lórúkọ orílẹ̀-èdè wọn. Aṣẹ̀ṣẹ̀bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n. Gbogbo ayé gbọ́ pé méje ni wọ́n gbá. Wọn ò di ẹrù wọn sá lọ sílé. Wọ́n padà sórí pápá, wọ́n ṣe ìyókù eré wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ̀rù pé ará àdúgbò á rẹ́rìn-ín yín, ẹ rántí méje.

Èkejì ni ti àwọn ọmọbìnrin wa. Ní January 2025, àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 19 lọ sí World Cup T20 tiwọn ní Malaysia. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n débẹ̀ nìyẹn. Ní ọjọ́ 20 oṣù náà, wọ́n pàdé New Zealand, orílẹ̀-èdè tí àwọn ọmọdé ti ń gbé báàtì láti kékeré. Òjò rọ̀, wọ́n dín eré kù sí ófà 13. Nàìjíríà gbá 65. New Zealand lé e, lé e, ófà tó kẹ́yìn ni wọ́n ti nílò àmì 9. Lillian Udeh ló ju ófà yẹn. New Zealand dúró sórí 63. Àmì méjì la fi borí. Lucky Piety ni kápútéènì wọn. Kí wọ́n tó borí New Zealand, wọ́n ti wà ní ipò tí àwa wà lónìí rí: ẹni tí kò tíì di báàtì mú.

Fọ́ìsì kárùn-ún

Mo ń parí lọ o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí mo rí, kí n wá sọ bí ẹni tó bá fẹ́ ṣe lè bẹ̀rẹ̀.

Mo ti sọ pé ẹni méjì ló ń gbá pọ̀, tí wọ́n sì jọ ń sáré. Ẹ wò ó dáadáa: ẹni tí bọ́ọ̀lù lọ sẹ́yìn rẹ̀ kò lè rí i. Ẹnìkejì rẹ̀ ló máa pariwo pé "Yes!" tàbí "No!" tàbí "Wait!" Tí o bá yíjú wẹ̀yìn láti wádìí, ó ti pẹ́ jù, wọ́n á ti ba wíkẹ́ẹ̀tì. O ní láti gba ohùn ẹnìkejì gbọ́, kí o sì sáré. Lọ́jọ́ kan, wọ́n so èmi àti ará Ìbò tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ yẹn pọ̀. Ọdún mẹ́fà la ti jọ wà lórí ìlà ṣọ́ọ̀bù kan náà. Láàárín ọdún mẹ́fà yẹn, ọ̀rọ̀ omi àgbàrá tó ń ṣàn láti iwájú ṣọ́ọ̀bù tèmi lọ sí tiẹ̀ nìkan ló ń pa wá pọ̀, kì í sì í ṣe pẹ̀lú ẹ̀rín. Lọ́jọ́ yẹn, a sáré àmì mọ́kànlá pọ̀. Ohùn rẹ̀ ni mo fi ń rìn, ohùn mi lòun náà fi ń rìn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, òun ló wá bá mi pé ká jọ san owó bíríkìlà, ká la gọ́tà síbẹ̀. Ó ti dá báyìí. Ẹni tó bá gba iwájú wa kọjá lè yà wò ó.

N kò ní eré ló la gọ́tà o. Owó wa ló là á. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé sọ fún ọdún mẹ́fà di ohun tó ṣeé sọ.

Ó yá, fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀:

Ìkíní, ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru yín wò. Ẹni tí dókítà bá ní kó sinmi, kó wá jókòó máa kọ àmì sílẹ̀ fún wa. Iṣẹ́ gidi ni, a nílò ẹni tí kò ní ṣe màgòmágó.

Ìkejì, bọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì gidi le bí òkúta. Kóòkì ló wà nínú rẹ̀, awọ ló wà lára rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ wà láàárín gíráàmù 156 sí 163. Ẹni tí kò bá ní akoto, ìbọ̀wọ́ àti páàdì ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró níwájú rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì làwa ń lò, a fi téèpù oníná wé e kó lè wúwo díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé bọ́ọ̀lù awọ wá.

Ìkẹta, ẹ na ara kí ẹ tó sáré. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọ̀kan nínú wa kò nà án, iṣan itan rẹ̀ fà, ọ̀sẹ̀ méjì ló fi tiro nínú ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó rẹ̀ kò tíì dárí jì wá.

Ìkẹrin, bàtà kánfáàsì tó di ẹsẹ̀ mú ti tó. Ẹ má wọ sílípáàsì wá. Ẹ gbé omi dání.

Ìkárùn-ún, ẹ̀yin obìnrin, eré yìí kì í ṣe ti ọkùnrin nìkan, mo ti sọ ti àwọn ọmọbìnrin wa fún yín. Ẹ lè fi ṣòkòtò sábẹ́ yẹ̀rì, ẹ lè wé gèlè tàbí híjàbù yín. Ìyá oníṣu ń fi ìró sáré, a kò sì lè bá wọn.

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ Àìkú la máa ń pàdé. A ti kí Ásárì, àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì náà ti dé, ti sinmi. A máa ń tú ká kí wọ́n tó pe Màgàríbì.

Ní ti owó: pákó tí káfíńtà gbẹ́ fún wa ni báàtì tí a ń lò, ó sì ti là. Báàtì gidi méjì, bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì àti téèpù la fẹ́ fi ẹgbẹ̀rún kan kan yẹn rà. Akápò á gbé rìsíìtì sójú gírúùpù. Ẹni tí kò bá ní in lọ́wọ́ lóṣù yìí, kó wá ṣeré, owó kò gbọdọ̀ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹni tí kò sì fẹ́, kì í ṣe ọ̀tá wa. Ẹni tó bá fẹ́ kí á fi owó náà ra ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru dípò báàtì, kó sọ ọ́, èrò tó dára ni, mo sì máa fi í sínú ìdìbò.

Lọ́la láago mẹ́jọ àárọ̀ ni màá gbé ìdìbò náà sójú gírúùpù. Ó máa wà níbẹ̀ di ọjọ́rú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fọ́ìsì bú ara yín kó tó dìgbà náà. Ẹ tẹ ohun tí ọkàn yín bá sọ.

Ó dàárọ̀ o. Ká tajà, ká jèrè, ká sì ní ara tí a máa fi jẹ ẹ́.